Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ínṣọ́ránsì Ilẹ̀ Ìpamọ́ Ẹgbẹ́ Yín Dọ̀tun ní Abuja àti Agbègbè Rẹ̀

Láti Kubwa dé Gwagwalada, láti Kaduna dé Minna, ìbéèrè kan náà ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ń gbé wá: "Ínṣọ́ránsì ilẹ̀ wa máa parí lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ká kàn san iye tá a san lọ́dún tó kọjá ni?" Rárá o. Ẹ má kàn sanwó. Tí ẹ bá ń sọ ínṣọ́ránsì dọ̀tun, àdéhùn tuntun ni ẹ ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín lónìí ni àdéhùn náà gbọ́dọ̀ bá mu, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé.

Ilẹ̀ ìpamọ́ tí mò ń sọ ni ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ, àwọn ará mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yà sọ́tọ̀ pé a kò ní tà, a kò sì ní kọ́lé kún un: igbó kékeré, etí odò, ibi tí wọ́n gbin igi sí, itẹ́ òkú. Orúkọ àwọn trustee (àwọn tí ẹgbẹ́ fi ohun ìní rẹ̀ sí lọ́wọ́) tí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, forúkọ wọn sílẹ̀ ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ máa rí yàrá máígádì níbẹ̀, kànga ẹ̀rọ, sólà, fẹ́ǹsì, bóyá gbọ̀ngàn kan tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé yín kò kó mọ́ra

Ìwé ínṣọ́ránsì iná kì í kó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ẹ kọ́ tàbí tí ẹ rì mọ́ ilẹ̀ ló ń dáàbò bò: ilé, fẹ́ǹsì, ẹ̀rọ omi, sólà, ẹrù inú ilé. Igi náà kò sí níbẹ̀. Tí igi yín bá jẹ́ èyí tí ẹ gbìn tó sì ń so èso tí ẹ ń tà, bíi kajú tàbí máńgòrò, NAIC ni kí ẹ lọ bá, ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀. Abuja níbí ni olú ọ́fíìsì wọn wà.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti iná ìgbẹ́. Ìwé ínṣọ́ránsì iná tó wọ́pọ̀ máa ń sanwó tí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé tàbí tí àrá bá sán lu ilé. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń yọ iná tó bá ti inú igbó wá sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dá a ni tàbí pé ó ṣèèṣì. Bẹ́ẹ̀, ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, iná ìgbẹ́ gan-an ni iná tó sún mọ́ ilẹ̀ ìpamọ́ jù: ọdẹ ń dáná lé ẹran jáde, àgbẹ̀ ń sun pápá, ọyẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lọ. Ẹgbẹ́ á ti máa sanwó lọ́dọọdún, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn kò ní mọ̀ pé ewu tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń sanwó lé lórí.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Ìwé ínṣọ́ránsì iná máa ń ní ojú ewé kan tí wọ́n to àwọn ewu àfikún sí. Ẹ wá àwọn wọ̀nyí níbẹ̀:

- iná ìgbẹ́
- ìkún omi
- ìjì líle
- rògbòdìyàn àti ìwọ́de
- kí ọkọ̀ tàbí igi ya lu ilé

Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ ní kí wọ́n fi í sí i, kí wọ́n sì sọ iye tó máa fi kún owó ọdún. Ti ìkọlù àwọn apániláyà yàtọ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ìwé iná, ẹ sì ní láti ra ìwé mìíràn fún un. Tí ilẹ̀ yín bá wà ní ìgbèríko Kaduna tàbí ti Niger, ẹ má gbàgbé láti béèrè.

Ẹjọ́ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú kò sí nínú ìwé iná. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó ń pa ilẹ̀ mọ́ ló para pọ̀ dá Terrafirma sílẹ̀, kí ó lè máa bá wọn gbé owó lọ́yà nígbà tí ẹnì kan bá wọ ilẹ̀ ìpamọ́ wọn tàbí tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àpò ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti ya owó sọ́fè (ìwọ̀n ilẹ̀) àti owó lọ́yà sọ́tọ̀. Ẹ má retí pé ìwé iná máa bá yín lé ẹni tó gba ilẹ̀ yín kúrò.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku 90 ọjọ́. Ó lè dà bíi pé ó ti yá jù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹnì kan. Trustee kan wà ní Lokoja, òmíràn lọ wo ọmọ nílùú òyìnbó, akápò kò sì lè sanwó láìsí ìbuwọ́lù ẹni méjì.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń darí ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ti fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ pé kò sí ààbò níbi tí owó kò bá tíì wọlé. Kò sí "ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì" mọ́. Tí ìwé yín bá parí lọ́jọ́ Ẹtì tí owó yín kò sì wọlé títí di ọjọ́ Ajé, iná tó bá jó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ ló máa dá gbé e.

- 90 ọjọ́: ìwé wíwá, àti ilẹ̀ rínrìn
- 60 ọjọ́: ẹ ti díye lé ohun gbogbo, lẹ́tà yín sì ti dé ilé-iṣẹ́ adójútòfò (ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì)
- 30 ọjọ́: àwọn trustee ti ṣèpàdé lórí iye tí wọ́n mú wá
- 14 ọjọ́: owó ti kúrò ní àkáǹtì ẹgbẹ́

Ẹ má jókòó máa retí kí ilé-iṣẹ́ kọ̀wé rán yín létí. Ìwé ìránnilétí máa ń lọ sí íméèlì akọ̀wé tó ti kúrò nípò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àwọn ìgbésẹ̀ náà

1. Ẹ mú ìwé ọdún yìí jáde, kí ẹ kà á tán

Ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ àti iye sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí sátífíkéètì CAC mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo ti rí èyí tó jẹ́ orúkọ alága àtijọ́ ló wà lórí ìwé, nítorí pé òun ló sanwó ọdún àkọ́kọ́. Tí àdánù bá ṣẹlẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ á di àríyànjiyàn láàárín ẹgbẹ́ àti ìdílé alága. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sọ ọ́ dọ̀tun.

Ẹ wo ọjọ́ àti wákàtí tó máa parí. Ẹ wo àwọn ìlérí tí ẹgbẹ́ ṣe sínú rẹ̀ pẹ̀lú: pé máígádì á máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, pé ẹ̀rọ ìpaná á máa wà lára ògiri. Ìlérí tí ẹ kò mú ṣẹ lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó.

2. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín

Ẹ kó ìwé ilẹ̀, ìwé sọ́fè àti ìwé CAC jọ. Trustee tó ti papòdà tàbí tó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹ ti yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dọ̀ CAC bí? Ìjábọ̀ ọdọọdún àwọn trustee, àárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá ni kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC.

Fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ẹ wo owó ilẹ̀ tí ẹ jẹ. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní lọ́dọọdún ló ń di gbèsè, kódà tí ẹnikẹ́ni kò bá mú ìwé wá bá yín. Ní oṣù Kẹta 2025, àwọn aláṣẹ FCT (agbègbè olú ìlú, Abuja) kéde pé àwọn ti fagi lé ìwé ilẹ̀ 4,794 nítorí owó ilẹ̀ tí wọn kò san. Ẹgbẹ́ tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan sọ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá bi í pé kí ló kàn án nínú ilé tó jó.

3. Ẹ rin ilẹ̀ náà

Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n ń fò jù, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ mú trustee kan àti máígádì lọ, kí ẹ sì mú ìwé sọ́fè àti téèpù ìwọ̀n dání. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpó ààlà kan dé èkejì. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ fi bá ti inú ìwé sọ́fè wé. Tí ilẹ̀ bá ti bò ó, ẹ wà á jáde, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ wá dúró lẹ́yìn yàrá máígádì. Ṣé koríko gbígbẹ ti kan ògiri? Ibo ló ń dáná sí nígbà ọyẹ́? Tí àdògán rẹ̀ bá wà lábẹ́ òrùlé tí wọ́n fi igi àti koríko ṣe, ẹ sọ fún un kí ó gbé e kúrò lọ́jọ́ náà. Ẹ wo wáyà tó ti orí páànù sọ̀ kalẹ̀ sídìí bátìrì sólà, bóyá eku ti jẹ ẹ́. Ẹ wo ara ògiri tó kọjú sí odò. Tí ẹ bá rí ìlà pupa tó là á kọjá, ibẹ̀ ni omi gun dé lọ́dún tó kọjá. Ẹ na téèpù láti ilẹ̀ dé ìlà náà, kí ẹ ya fọ́tò tí nọ́ńbà ara téèpù á ti hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ omi yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ ti gbọ́ nípa Trademore, ọgbà ilé tí omi ti ya wọ̀ ní Lugbe, níbí níbí. Ẹ rí Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án 2024 nígbà tí ìdídò Alau ya, ẹ sì rí Mokwa ní oṣù Karùn-ún 2025. Lọ́dọọdún ni NIHSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí omi odò, àti NiMet, èyí tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ wọn jáde nípa omi àti òjò. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àgbègbè yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì ra ààbò ìkún omi kí òjò tó dé. Tí omi bá ti ń ru bọ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa fẹ́ tà á fún yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀:

- fọ́tò ilé kọ̀ọ̀kan láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú ọjọ́
- nọ́ńbà ara ẹ̀rọ omi, ínfátà àti bátìrì
- ohun tuntun tí kò sí nínú ìwé ọdún tó kọjá
- ohun tó wà nínú ìwé tí kò sí nílẹ̀ mọ́

4. Ẹ díye lé e bí ọjà ṣe rí lónìí

Iye tí ẹ máa kọ ni iye tó máa ná yín láti tún ilé náà kọ́ lónìí, láìka owó ilẹ̀ mọ́ ọn. Iye tí ẹ ná lọ́dún tí ẹ kọ́ ọ kò wúlò mọ́. Ẹ wo ohun tí sìmẹ́ǹtì, páànù àti irin ti dà láti 2023.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì rèé. Ká ní gbọ̀ngàn yín á gba 40 mílíọ̀nù náírà láti tún kọ́, ṣùgbọ́n 20 mílíọ̀nù ni ẹ kọ sínú ìwé kí owó ọdún lè mọ níwọ̀n. Ìjì ṣí òrùlé, àdánù 10 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rò pé àwọn máa gba 10 mílíọ̀nù náà, torí pé kò tíì tó 20. Mílíọ̀nù 5 ni wọ́n máa san. Ìdajì ni ẹ fi dójútòfò, ìdajì àdánù náà ni wọ́n sì máa gbé, ìwé yín sì fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Fún ilé ńlá, ẹ gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti díye lé ilé. Fún yàrá máígádì àti fẹ́ǹsì, kọ́ńtírátọ̀ méjì tí ẹ fọkàn tán tó bá yín kọ iye sílẹ̀ ti tó.

5. Ẹ kọ ohun tó yí padà sínú lẹ́tà

Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù nìkan. Ó dáa kí ẹ sọ gbogbo ohun tó lè mú kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, kódà tí wọn kò bá béèrè. Ẹ sọ ọ́ tí:

- ilé kan bá ti ṣófo. Ọ̀pọ̀ ìwé iná kì í dáàbò bo ilé tí kò sí ẹni nínú rẹ̀ fún ohun tó ju 30 ọjọ́ lọ, àfi tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i
- ẹ bá ti ń yá àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn fún ìnáwó
- ẹ bá ti gba àwọn ọmọ iléèwé láyè láti máa wá wo igbó
- ẹnì kan bá ti ń sun èédú tàbí da igi nítòsí
- àdánù kankan bá ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún, kódà tí ẹ kò béèrè owó lórí rẹ̀

Ti gbọ̀ngàn yẹn ní ọ̀rọ̀ nínú. Ibi tí gbogbo èèyàn ń wọlé sí fún ìgbafẹ́ tàbí okòwò, òfin kà á sí ilé tó wà fún gbogbo ènìyàn, ó sì sọ ọ́ di dandan kí ó ní ínṣọ́ránsì lórí kí ilé wó, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti ìkún omi. Tí àwọn àlejò bá ń wọlé, ẹ béèrè ìwé tó máa sanwó tí ẹ̀ka igi bá já lu ọmọ ẹlòmíràn. Ti máígádì tí ẹ gbà síṣẹ́, NSITF ló ni ín, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san ni ẹ máa dá fún wọn lóṣooṣù.

6. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta

Ẹ lè lọ fúnra yín, ẹ sì lè gba ti alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ NAICOM. Èmi fẹ́ràn alágbàtà fún ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó mọ̀wé òfin dáadáa, torí òun ló máa bá yín jà nígbà tí àdánù bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, ní pàtàkì lásìkò yìí. Òfin ínṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ti gbé owó ìdókòwò tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ínṣọ́ránsì yìí gbọ́dọ̀ ní dé bílíọ̀nù 15 náírà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá kájú rẹ̀ lè para pọ̀ mọ́ òmíràn tàbí kí ó kógbá sílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NAICOM bí ìwé àṣẹ wọn ṣì dúró.

Ẹ má fi owó ọdún nìkan wọn ìwé méjì. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọn ewu àfikún wo ló wà níbẹ̀? Èló ni ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ gbé fúnra rẹ̀ nínú àdánù kọ̀ọ̀kan? Ìwé tó fi díẹ̀ dín owó lè jẹ́ èyí tó yọ iná ìgbẹ́ kúrò.

7. Ẹ ṣèpàdé, kí ẹ sì sanwó

Kí àwọn trustee fọwọ́ sí ìpinnu tó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́, iye owó àti ẹni tó máa sanwó. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí owó ti jáde, àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí ó wọ̀. Ẹ má san án sí àkáǹtì ènìyàn, kódà tí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá alága. Ẹ gba rìsíìtì lọ́jọ́ náà.

8. Ẹ ka ìwé tuntun kí ẹ tó fi í pamọ́

Orúkọ, ọjọ́, àpèjúwe ibi tí ilẹ̀ wà, iye orí ohun kọ̀ọ̀kan, ewu àfikún. Tí ohunkóhun bá ṣì, ẹ kọ̀wé kí wọ́n tún un ṣe lọ́sẹ̀ náà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ akápò, ọ̀kan sọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀kan sórí fóònù ẹni méjì. Ẹ má jẹ́ kí ìwé náà wà nínú gbọ̀ngàn tó ń dáàbò bò nìkan.

Bí owó kò bá tó

Ẹ má dín iye ilé kù. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣe. Àwọn ọ̀nà tó sàn ju ìyẹn lọ wà:

- ẹ gbà kí ẹgbẹ́ máa gbé àdánù kéékèèké fúnra rẹ̀, kí owó ọdún lè wálẹ̀
- ẹ yọ ohun tí ẹ lè fi owó ara yín rà padà kúrò, bíi àga oníke
- ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ìwé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa parí sórí ògiri ọ́fíìsì
- àwọn ará mọ́sálásí tí ọkàn wọn kò gba ínṣọ́ránsì lásán lè lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ takaful (ínṣọ́ránsì tó bá òfin Ìsìláàmù mu) tí NAICOM fún láṣẹ, bíi Noor Takaful àti Jaiz Takaful

Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ń dín ewu kù. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ilẹ̀ yí ilé kọ̀ọ̀kan àti fẹ́ǹsì ká, kí koríko má sí níbẹ̀ rárá, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yín. Ẹ ní kí wọ́n torí rẹ̀ dín owó kù. Wọ́n lè má gbà, ṣùgbọ́n kò burú kí ẹ béèrè.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ọjọ́ àná sórí ìwé. Irọ́ ni, ó sì lè ba gbogbo àdéhùn náà jẹ́. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀, kí ẹ sọ òtítọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ ìwé pé kò sí àdánù tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí ti àtijọ́ ti parí, wọ́n sì lè rán èèyàn wá wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wá, kí fọ́tò tí ẹ yà nígbà tí ẹ rin ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

Tí àdánù bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ni kí ẹ fi béèrè, kódà tí ó bá ti parí báyìí. Ẹ kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìwé panápaná tàbí ti ọlọ́pàá mọ́ ọn.

Títí ìwé tuntun á fi jáde, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn. Ẹ fi ẹnì kejì kún máígádì lóru, kí ẹ sì tú bátìrì sólà àti ínfátà lọ sí ibi tó ní ààbò.